Ẹja Tó Wà ní Apá Òsì

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkọ mi ni ayé rẹ̀ ti pín sí méjì, tó sì gbàgbé ìdajì. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ojú dára, ọpọlọ ni kò ka apá òsì sí mọ́. Bí mo bá gbé iyán fún un, èyí tó wà lápá ọ̀tún nìkan ni yóò jẹ, yóò wá máa wò mí tìkanra-tìkanra pé mo ti ń ṣahun ẹran, bẹ́ẹ̀ ẹran wà lápá òsì àwo, ó tóbi tó ìkúùkù. N ó yí àwo po, ẹran á dé. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bù ú wá. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Nígbà tó yá, mi ò rí ẹ̀rín rín mọ́, nítorí pé bí mo bá jókòó sí apá òsì rẹ̀, èmi náà ò sí láyé.

Obìnrin tó máa ń wá na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé ló ní kí n má ṣe máa sá tẹ̀ lé e lọ sí apá ọ̀tún. "Mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá yín. Ẹ wá nǹkan tó ń mira, tó ń dán, kí ẹ gbé e sí òsì. Tí ojú bá ń tẹ̀ lé e, ọpọlọ lè rántí." Mo gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, àmọ́ iná kì í gbélé, bó bá sì wà, ohùn rẹ̀ nìkan ni ọkọ mi ń gbọ́. Nígbà náà ni aládùúgbò wa kan tó ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sókè òkun. Ó ní àpótí gíláàsì kan tó ń sin ẹja wẹ́wẹ́ sí. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ, mo ní mo fẹ́ ẹ, mo sì gbé e sí apá òsì ọkọ mi.

Èkìtì ni mo dàgbà sí, ẹja tí mo mọ̀ ni èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò tó ìka ọmọdé. Ìlà kan tó dà bí aró gba ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ń dán, ìdí wọn sì pupa. Tẹ́trà ni aládùúgbò náà pè wọ́n. Ó ní kí n máa jẹ́ kí omi kànga sùn nínú bááfù kí n tó dà á sí i, pé kí oúnjẹ wọn má ju ìwọ̀n iyọ̀ tí èèyàn fi ìka méjì mú. Ó ní wọn kì í dá gbé, pé ìpayà ni yóò pa èyí tó bá ku òun nìkan. Wọ́n jọ ń lọ, wọ́n jọ ń ṣẹ́rí padà, bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ agogo.

Ọkọ mi kò kọ́kọ́ kà wọ́n sí. Ó tó ìgbà díẹ̀, mò ń ká aṣọ lápá òsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i tí ojú rẹ̀ bá wọn pàdé lápá ọ̀tún gíláàsì. Wọ́n fà á lọ, díẹ̀díẹ̀, títí ọrùn rẹ̀ fi yí. Nígbà tí ẹja ṣẹ́rí padà, ojú rẹ̀ kò tètè bá wọn padà. Ó bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìborí rẹ wọ́." Mo sá wọ kíṣìnnì lọ sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ẹrú ẹja. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́, èmi ni mò ń fi ife bu omi náà, tí mo ń dà á padà láti òkè kí wọ́n lè rí èémí mí. Ọkọ mi ń rí ẹran rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà míì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé yóò padà sípò. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó dùn mí jù ni pé mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń gbé agbo ilé wọn ní Ìrẹmọ, nínú Ifẹ̀ níbí. Irun orí mi ti funfun, ìyàwó ló ṣì ń pè mí, ìyàwó náà ni mo sì jẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ mi gbé dàgbà, ẹ̀gbọ́n náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ọmọ tó bí lọ. A kì í fọwọ́ òfo lọ kí aláìsàn níbí, ọkọ ọmọ rẹ̀ sì ń sin ẹja ní Ẹdúnàbọ̀n, nítorí náà àrọ̀ tútù ló máa ń gbé wá nínú garawa lórí ọ̀kadà. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń fi ẹja mi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó, ṣé irú èyí ló yẹ kí aláìsàn máa wò? Ojú á rẹ̀ ẹ́ kó tó rí wọn." Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé. Ohun tó mú níbẹ̀ ni pé ẹja ń wo àbúrò òun sàn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àrọ̀ mẹ́ta ló gbé wá, wọ́n ti sùn mọ́jú nínú bááfù rẹ̀ láìjẹun. Ó kó méjì fún mi pé kí n fi se ọbẹ̀ ata. Mo wà ní kíṣìnnì, mò ń fi iyọ̀ àti omi gbígbóná bó yọ̀rọ̀ ara wọn, mò ń gbọ́ tó ń fi èdè Ifẹ̀ wọn tí n kì í gbọ́ tán bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀. Mi ò béèrè ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo gbé ọbẹ̀ jáde, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó, wá wò ó. Mo ti bá a fi ẹja tó tó wò sí i."

Àrọ̀ náà dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì nínú omi, ikùn rẹ̀ yọ. Mo wá tẹ́trà, mi ò rí. Ọ̀kan péré ló kù lẹ́yìn òkúta, ilẹ̀ ò sì mọ́ bá a.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún àgbàlagbà tó gun ọ̀kadà wá kí àbúrò rẹ̀ lè ríran? Bí mo bá ní n bẹ́ igi, n ó bẹ́ èèyàn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Inú mi kò ro ire sí i lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́.

Ọkọ mi ṣì ń wo apá ibẹ̀. "Wọ́n ti lọ," ó wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo omi náà díẹ̀ sí i, ó wá yí ojú sí ògiri.

Mo kó àrọ̀ náà kúrò, mo wá tẹ́trà mìíràn. Ìbàdàn ni ẹni tó ń tà wọ́n wà. Àwọn tí mo kó bọ̀ nínú ọ̀rá, ooru mọ́tò pa púpọ̀ nínú wọn lọ́nà, ìyókù kò bára wọn rìn. Kálukú wá kọ̀rọ̀ sá sí, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọkọ mi kò tún yà síbẹ̀. Obìnrin tó ń na ọwọ́ rẹ̀ ní àsìkò kan wà tí ọpọlọ lè tún ara rẹ̀ ṣe, pé àsìkò náà kì í dúró de èèyàn. Ó rọra sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ti kọjá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó jókòó sí apá ọ̀tún. Èmi wà lápá òsì, mo gbé ọwọ́ ọkọ mi lé itan, mò ń gé èékánná rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ìyàwó mi dà?"

"Òun kọ́ ló di ọwọ́ rẹ mú yẹn?"

"Ọwọ́ wo?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò mí. Ọkọ mi ní, "Ó ti pẹ́ tó ti jáde. Ó yẹ kó ti dé."

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, mo dìde, mo gba ẹ̀yìn àga rẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ojú rẹ̀ tàn.

"O ti dé," ó ní. "Ṣé ọ̀nà jìn ni?"

Mo ní ó jìn.