Àwọn Túwítà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Jó

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra mọ́tò nígbà tí ilé wa ṣì wà ní Abereke, níbi tí mọ́tò kankan kò lè dé. Omi ni gbogbo ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀, á wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí kó gba orí afárá pákó. Ìgbókọ̀dá, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà parí sí lẹ́bàá èbúté, ló ń gbé mọ́tò náà sí. Iṣẹ́ oúnjẹ síse ló ń ṣe fún àwọn tó ń wa epo lójú òkun. Tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́hùn-ún, á padà sórí ilẹ̀, á wọ inú mọ́tò, á jókòó síbẹ̀ lójú kan náà, á sì yí orin sókè títí gbogbo èbúté á fi mọ̀ pé ó ti dé. Mọ́tò yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ariwo nìkan ló ń pa.

Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, torí òun ló ṣáájú mi wáyé, ilé tí wọ́n sì ti tọ́ mi kò gba ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ti tó o.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgbókọ̀dá. Láti kékeré ni mo ti ń tú rédíò, bàbá wa ló sì fà á. Apẹja ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì ju àwọ̀n lọ. Atẹ́gùn iyọ̀ kì í jẹ́ kí rédíò wọn pẹ́ kó tó bàjẹ́, èmi ni mo sì máa ń bá wọn ha ìpẹtà ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bá wa jókòó. Ó ní iṣẹ́ ìdọ̀tí ni.

Wúfà ńláńlá méjì ló tò sínú búùtù mọ́tò náà, ìyẹn sípíkà tó ń gbé báàsì. Ó wá fi túwítà kéékèèké méjì sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú. Túwítà ni sípíkà tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, bí ìró agogo, ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìró afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín eyín jáde téèyàn bá ń sọ̀rọ̀. Wáyà inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí irun. Ẹni tó bá ń lo túwítà gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n díẹ̀ lórí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í nira.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn èrò láti Òde Ugbò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì kọjú mọ́tò sí wọn, ó yí ohùn sókè títí gíláàsì fi ń gbọ̀n. Orin náà ti ń ya bí aṣọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Túwítà yín ń jó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni tíṣà, èmi ni mo ni mọ́tò."

Kò pẹ́ tí ohùn akọrin fi wọlé lọ bí ẹni tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tútù bò lórí. Gbogbo agogo dákẹ́. Báàsì nìkan ló kù, gbùú, gbùú, gbùú. Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí sí i, ó ń juwọ́ sáwọn èèyàn. Kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìdajì orin ti kú lójú rẹ̀, ó sì ń jó lọ.

Nígbà tí ẹlòmíràn sọ fún un, ẹni tí kì í ṣe obìnrin tí kì í sì í ṣe àbúrò rẹ̀, ó gbà. Ó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní injiníà, tó máa ń wọ dígí dúdú nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò níná. Mo tẹ̀ lé e lọ. Injiníà náà kan ilẹ̀kùn mọ́tò bí ẹni ń kan bàrà wò bóyá ó ti pọ́n, ó sì ní àìsàn mọ́tò náà ni pé agbára ohùn rẹ̀ kéré. Ó gé túwítà àtijọ́ kúrò, ó mú tuntun, ó sì so wáyà wọn tààrà mọ́ wáyà tó ń lọ sí wúfà.

Mo bi í pé, "Kapásítọ̀ wọn dà?"

Kapásítọ̀ ni nǹkan kékeré kan tí kò ju kóró ẹ̀wà lọ, tí wọ́n máa ń so mọ́ ojú wáyà túwítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dá báàsì padà, kó jẹ́ kí ohùn tín-ín-rín nìkan kọjá. Láìsí i, gbogbo agbára ámpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, ni yóò já lé wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn lórí. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá fi àwọ̀n edé dènà àbùùbùtán.

"Àǹtí, nǹkan wọ̀nyẹn ló ń mu ohùn," injiníà dáhùn. "Mo ti gé wọn dànù."

"Wọ́n á jó."

"Tíṣà ni yín, àbí? Ẹ máa fi ṣọ́ọ̀kì yín kọ ìyẹn fáwọn ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wo àwọn méjèèjì, ẹni tó ń tanni jẹ àti ẹni tó ń bá a rẹ́rìn-ín sí i, mo sì gba ilé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wa mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa lọ́jọ́ náà láti fi ohùn tuntun han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ó tó padà dé, túwítà tuntun ti kú. Injiníà ní ọjà ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ó sì so òmíràn sí i bó ṣe so ti àkọ́kọ́. Ìyẹn náà kú. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kò pọn dandan, pé báàsì ni orin.

Ọdún yẹn ni òkun dé ẹ̀yìn ilé wa ní Abereke. Ilé ìdáná ló kọ́kọ́ gbé lọ. Màmá wa ní àwọn kò ní í kúrò. Nígbà tí omi ń wọ abẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n gbà láti máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n dé èbúté Ìgbókọ̀dá nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjínì, pẹ̀lú ìkòkò wọn, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan, àti mátírẹ́ẹ̀sì tó ti rin gbindin fún omi. Ọwọ́ wọn kò kúrò lórí ìkòkò náà títí tí a fi fà wọ́n gòkè. Obìnrin tó ń fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún òkun ni wọ́n, ojú wọn sì fi hàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ohùn bàbá wa pàdé wọn.

Bàbá wa ti kú tipẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló kù tí wọ́n ti gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó àwọn apẹja jọ láti kọrin atukọ̀. Èmi ni mo dà á kọ sórí fíláàṣì. Àlàfo wà láàárín eyín iwájú bàbá wa, gbogbo "s" àti "ṣ" tó bá ti ẹnu wọn jáde ló máa ń súfèé. A máa ń fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ojú omi, Màmá máa ń gbọ́ ìfé yẹn kí wọ́n tó rí ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ fíláàṣì náà, ó sì yí i sókè. Gbùú, gbùú. Ohùn kan ń ráhùn nínú báàsì bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

Màmá dúró. "Ta nìyẹn?"

"Bàbá ni, Màmá. Ohùn wọn nìyẹn."

"Kì í ṣe bàbá yín nìyẹn."

"Àwọn ni! Ẹ gbọ́ ọ dáadáa."

"Mo bá ọkùnrin yẹn gbé títí ó fi kú, ìwọ ló máa wá sọ ohùn rẹ̀ fún mi?" Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja wọn. "Pa ẹni yẹn lẹ́nu mọ́. N kò mọ̀ ọ́n rí."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi lójú gbogbo èrò. "Ìwọ lo dà á kọ sórí fíláàṣì. Ìwọ lo bà á jẹ́."

Mo ru mátírẹ́ẹ̀sì náà, mo sì mú Màmá lọ sílé mi. Nílé, Màmá jókòó sórí ibùsùn mi láìtú ẹrù kankan. Wọ́n béèrè pé, "Ọma mi, ṣé ohùn bàbá yín ti jẹrà ni?"

"Rárá, Màmá. Sípíkà tó yẹ kó gbé e jáde ló jóná."

"Ta ló jó o?"

"Ọmọ yín ni."

Wọ́n mirí bí ẹni tó gbọ́ ohun tí wọ́n ti ń retí. "Ṣe é fún mi."

Mo lọ sí Àkúrẹ́ lọ ra túwítà méjì tó dára, pẹ̀lú àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ wọn láti pín ohùn, tí kapásítọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo ṣí ara ilẹ̀kùn mọ́tò náà, níbi tí wáyà túwítà gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó ń mu mínírà, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó gun orí tábìlì. Ohun tí mo bá nínú ilẹ̀kùn yẹn, ojú tì mí láti sọ ọ́. Injiníà kò fi òjé jó wáyà kankan mọ́ra. Ọwọ́ ló fi lọ́ wọn pọ̀, ó sì fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wé wọn. Iyọ̀ ti jẹ gbogbo ojú wọn, wọ́n ti di àwọ̀ ewé. Mo kó ọ̀rá náà lọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Iṣẹ́ injiníà yín rèé."

"Ó ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́?" ló wí.

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo gé ibi tí iyọ̀ ti jẹ dànù, mo fi òjé jó wáyà tuntun mọ́ra, mo fi rọ́bà bò wọ́n, mo sì fi gíríìsì pa ojú ìdè wọn kí atẹ́gùn òkun má baà ráyè. Mo so àpótí tó ń pín ohùn náà sí àárín. Nígbà tí mo dé ìdí ámpù, mo rí i pé wọ́n ti yí ibi agbára rẹ̀ dé òpin. Mo dá a padà sílẹ̀ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, tí ohùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, kì í ṣe agbára nìyẹn. Iná ló ń jẹ túwítà. Ẹ máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Mo ra ámpù ńlá, o wá sọ ọ́ di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí aláìsàn."

Mo pe Màmá. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n ká ọwọ́ lé itan. Mo tẹ fíláàṣì náà. A kọ́kọ́ gbọ́ omi tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá wa sọ̀rọ̀, pé, "Ṣé ẹ ti ṣe tán? Ẹ má sùn o," ìfé náà sì jáde láàárín eyín wọn, tín-ín-rín, bí ẹni pé wọ́n wà lórí àga ẹ̀yìn.

Màmá lu itan wọn. "Òun nìyẹn! Òun gan-an nìyẹn. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀, kò ní í jẹ́ kéèyàn mí."

Ojú wọn ti kún fún omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bú ọkọ wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí wọlé, ó ní, "Ẹ ò rí i pé mọ́tò mi dára?" Màmá fi ọwọ́ tì í lórí jáde. "Kúrò níbẹ̀. O ń dí mi létí."

Èèyàn á rò pé ìyẹn á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ó ní lọ́jọ́ kejì òun máa gbé mọ́tò padà lọ sọ́dọ̀ injiníà, kó bá òun ṣí ohùn sókè, kó sì yọ nǹkan tí mo so síbẹ̀ tó ń mu ohùn. Ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, ó ń jẹ ẹja mi. Èmi náà jẹ tèmi tán, mo mú súkúrú-díráífà, mo jáde, mo sì tú gbogbo ohun tí mo ra kúrò nínú mọ́tò rẹ̀.

Ó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìbínú. "Níbo ni túwítà mi wà?"

"Tiyín ti jóná, ẹ̀gbọ́n. Tèmi wà lọ́wọ́ mi."

"Màmá, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ sí mi?"

"Mo gbọ́ ọ," Màmá wí. "Ó ṣe kedere."

Ó gbé mọ́tò rẹ̀ lọ pẹ̀lú ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Injiníà so òmíràn sí i, wọ́n sì jó. Títí di òní, tó bá ti ti ojú òkun dé, ẹ óò rí i lẹ́bàá èbúté tó ń dún gbùú, gbùú. Àwọn èrò máa ń fọwọ́ di etí kọjá, òun a sì máa juwọ́ sí wọn, torí ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Mo kan àpótí pákó kan, mo to túwítà mi àti sípíkà kan sínú rẹ̀, mo so ó mọ́ rédíò, mo sì gbé e sí yàrá Màmá. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ bàbá wa mọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ gbogbo ohun tó ní í sọ nígbà ayé rẹ̀. Ìròyìn ni wọ́n ń gbọ́ láràárọ̀, pàápàá tí ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn ńlá bá ń ṣàlàyé pé láìpẹ́ àwọn máa dí òkun fún wa. Màmá á fà mọ́ àpótí náà, wọ́n á dẹ etí sílẹ̀ dáadáa.

"Òpùrọ́ ni," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé itọ́ mì."