Bí Mo Ṣe Nu Ìrìn-Àjò Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún Dànù

Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún jẹ́ mọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Mi ò ní purọ́, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni mo tẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé ọmọ náà ṣubú ní Bàrígà, ni wọ́n bá fi POP di ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé orúnkún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ wá kí i, ó sì yá a ní ẹ̀rọ géèmù kékeré kan, irú èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ọjọ́ Ajé tó bá padà síbi iṣẹ́ ni yóò dá a padà. Ọmọ náà búra pé òun ò ní dùbúlẹ̀ lásán, òun máa parí géèmù náà kí ẹni tó ni ín tó gbà á.

Obìnrin kan tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ló ń rìn kiri inú géèmù náà, ní ilẹ̀ kan tí odò ibẹ̀ ti gbẹ. Ó ń bá àwọn ẹranko burúkú jà. Bó ṣe ń pa wọ́n ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, egungun wọn ló sì fi ń ṣe ohun ìjà tuntun. Ẹranko ìkẹyìn nìkan ló kù fún ọmọ náà nígbà tí èmi dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Iná ò sí níbi iṣẹ́ wa ní Ṣómólú, níbi tí mo ti ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ìgbà tí mo ti pa ilé ìwé tì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá ṣọ́ ilé, kí òun lè mú ọmọ rẹ̀ lọ já POP ní ọsibítù kan lápá Palmgrove. Mo rí ẹ̀rọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tàn án.

Ó bi mí ní nǹkan kan pẹ̀lú lẹ́tà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n lo awò ojú. Ohun tí mo rí fà yọ ni pé, ṣé kí òun nu ti àtijọ́ kúrò kí òun fi tuntun bẹ̀rẹ̀? Lọ́dọ̀ àwa atẹ̀wé, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ tuntun sórí ẹ̀rọ láì fi kẹrosíìnì fọ íńkì àná kúrò lára rólà, ọ̀bùn ni. Pupa ìwé ìgbéyàwó á yọ lára ìwé ìsìnkú. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ẹ̀rọ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin náà bá jí lórí ẹní, láìní bàtà, igi lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ náà ti kó jọ ti lọ. Mo dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, mo sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò wọ yàrá yẹn rí.

Ọmọ náà dé tẹ̀ríntẹ̀rín pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ POP. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló fọwọ́ kan géèmù mi?"

"Géèmù wo?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ìwọ ni. Ṣé o ò rí òógùn tó ń kán ní imú ẹ ni?"

Mo jẹ́wọ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rólà àti íńkì.

"Ilé la ní kó o ṣọ́," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ìfọ̀?"

Ọmọ náà kọjú sí ògiri. "Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún èèyàn láti tọ́jú ibi tó bá dé sí. Ẹyọ kan! Àwọn tó ṣe géèmù yìí náà ò láàánú." Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀ pé mo ti rí ẹni tí a jọ máa jẹ́bi.

Lọ́jọ́ kejì, mo ra bọ̀ọ̀lì lọ bẹ̀ ẹ́. Mo bá a tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àga. "Ẹ jókòó. Ẹ máa bá mi ṣe é ni."

Bí mo ṣe mọ géèmù náà nìyẹn. Àwọn ará abúlé inú ẹ̀ ò níṣẹ́ kankan ju kí wọ́n máa rán èèyàn níṣẹ́ lọ. Lọ já ewé mẹ́wàá wá. O já a dé, wọ́n á ní ó ku ogún. Ó ti sú ọmọ náà pátápátá. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń wo ìwé kan náà tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láti àárọ̀, kò sú mi, ni ewé jíjá bá di iṣẹ́ mi. Àléébù mìíràn tún ni pé bí ìjà bá gbé ọ dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ògiri nìkan ni wàá máa rí, ẹranko á sì wà lẹ́yìn ẹ tó ń jẹ ọ́.

Síbẹ̀, géèmù náà kì í rẹ́ni jẹ. Kí ẹranko kankan tó kọlù ọ́, ó máa ń fi hàn ọ́: ọ̀kan á gbé èjìká, òmíràn á kàn dákẹ́. Bí o bá kú, o mọ ohun tó pa ọ́. Mi ò tíì rí ọ̀gá iṣẹ́ tó ń ṣe báyẹn.

Ọ̀nì kan tó tóbi tó bọ́ọ̀sì wà lẹ́nu afárá kan. Bó ṣe yanu sí mi, mo ju ẹ̀rọ sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga.

"Bọ̀ọ̀dá, inú géèmù ló wà o!"

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn mí."

Ó wo ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó wo tèmi.

Ọ̀nì yẹn gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi pa á. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a dé ọ̀dọ̀ ẹranko ìkẹyìn. Ó pa wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, mo ti wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mò ń fi ojú kan wò. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń pè é ní eré ọmọdé láti ọjọ́ yìí, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ń pariwo: "Ó ti gbé èjìká! Yẹra fún un!"

Ọmọ náà yẹra. Ó gún un. Ẹranko náà wó lulẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà sínú odò.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ mi láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, pé kó má bínú, pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún kì í ṣe kékeré.

"Ẹ jáde níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa ni."