Ọmọ Tí Mo Fi Yangàn ní Àpérò

Mo fẹ́ràn àpérò, n kò ní purọ́. Kí ọdún tó dé ìdajì ni mo ti máa ń bi ọ̀gá wa pé ìlú wo ni àwa òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé yóò ti pàdé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó ń fi gbogbo ọdún sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n nu ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwé, ó yẹ kí òun náà ríbi tí wọn yóò ti fún un ní tíì, tí wọn yóò sì gbé káàdì orúkọ kọ́ ọ lọ́rùn bí èèyàn pàtàkì. Ọkọ mi máa ń sọ pé báàgì àpérò tí mo ti kó jọ sílé tó láti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Jakpa Road, ní Warri níbí.

Àwa tó ń tọ́jú ìwé ọmọdé kì í pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ti yunifásítì ló ń gba ìjókòó iwájú, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwa a jókòó sẹ́yìn, a pín bisikíìtì, a fi àwòrán yàrá ìwé wa han ara wa lórí fóònù. Inú mi máa ń dùn láàárín wọn débi pé mo máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ àsọjù náà ló kó bá mi.

Ní Abẹ́òkúta lọ́dún kan, wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sọ̀rọ̀ nípa ìtàn kíkà. Mo sọ fún wọn nípa ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá àgbà rẹ̀, ará Ògùn bíi tèmi, ń ta ẹja gbígbẹ nítòsí ilé-ìkàwé wa ní Warri. Tí ọmọ náà bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ọ̀dọ̀ mi ló ń dúró sí títí ìyá àgbà yóò fi palẹ̀ ọjà mọ́ kí wọ́n lè jọ padà sílé wọn ní Otor-Udu. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń ka ìwé kan fún àwọn ọmọ, ìtàn ewúrẹ́ tó kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí mo bá kà á tán, ọmọ yìí á kó àwọn kéékèèké jọ sí kọ̀rọ̀, á fìka sábẹ́ ìlà, á tún un kà fún wọn. Kódà ibi tí mo máa ń dúró bá àwọn aláriwo wí, òun náà máa ń dúró níbẹ̀: "Quiet for back dere." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ìtàn tí à ń kà ló sọ ọ́ di òǹkàwé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo tẹríba bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ní àpérò yẹn kan náà, olùbánisọ̀rọ̀ mìíràn kọ́ wa pé ìwé tó ti ya ń lé ọmọdé sá, pé kí a máa yọ ọ́ kúrò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe dé Warri, mo gbé sítáǹpù tí a fi ń sàmì sí ìwé tí a fẹ́ dànù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìwé bí ẹni ń tu èpò. Ìwé ewúrẹ́ náà wà lára wọn. Èèpo rẹ̀ ti bọ́, ojú ewé rẹ̀ ń já. Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí gbé gbogbo wọn lọ, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, mo sọ fún àwọn ọmọ pé mo ti ròyìn ọ̀kan nínú wọn fún àwọn èèyàn ńlá. Mo pe ọmọ náà síwájú, mo fún un ní ìwé tuntun kan, mo ní òun ni yóò ka tòní fún wa. Ó ṣí i. Ó fìka sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ìka náà ò sì kúrò níbẹ̀.

"Aunty, wey di oda one?"

"Ìyẹn ti gbó. Ka èyí, ó tiẹ̀ rọrùn jù ú lọ."

Ọmọkùnrin kan ní, "She no sabi read," ni àwọn yòókù bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rọra pa ìwé náà dé bí mo ṣe kọ́ wọn, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde.

Mo jókòó sórí àga kékeré àwọn ọmọ. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo ti ka ìwé kan ṣoṣo náà léraléra tó fi há a sórí látòkèdélẹ̀, títí kan ìbáwí mi. Èmi tí mo pe ara mi ní olùtọ́jú ìwé ọmọdé, n kò fìgbà kankan fún un ní ìwé mìíràn kí n wò ó. Ojú tì mí gan-an.

Kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ bá ìyá àgbà níbi ẹja.

"Ẹ kú ọjà o, mà."

"Oo, ọmọ mi. Ó ní òun ò lọ sọ́dọ̀ yín mọ́. Mo ní ta ló nà án, ó ní kò sẹ́ni tó na òun."

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ìyá yí ẹja kan padà.

"Èmi náà ò kúkú mọ̀wé. Tó bá ń ka ti ewúrẹ́ yẹn sí mi létí lálẹ́, mo máa ń ní ọmọ mi ti di ọ̀gá."

Ọmọ náà wà lẹ́yìn agbọ̀n, kò wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní èmi ni mo ṣẹ̀, kì í ṣe òun.

"Aunty, you tell dem for dat place say I sabi read?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Go tell dem say I never sabi."

Mo ṣèlérí. Ní ọjọ́ kejì ó wá, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí á, bí, dí, kí àwọn ọmọ yòókù tó dé. Kò rọrùn. Mo máa ń tètè bínú, òun náà sì lágídí. Ọjọ́ mìíràn á sunkún, èmi á jáde lọ mí kanlẹ̀. Ìyá àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Àpérò ọdún kejì bọ́ sí Ìlọrin. Mo tọrọ ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjókòó ẹ̀yìn fà mí láṣọ, ó ní, "Fi sílẹ̀ jàre, ta ló rántí?"

Mo ní, "Ọmọ náà rántí."

Mo dìde, mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ọmọ tí mo ròyìn fún yín lọ́dún tó kọjá kò mọ̀wé kà, èmi ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì bèèrè láti ìlà iwájú pé, "Ṣé ó ti ń kà báyìí?"

Mo sọ fún un pé nígbà tó ku ọ̀la kí n gbéra ní Warri, ọmọ náà mú ìwé kan nínú páálí ẹ̀bùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, èyí tí èmi alára kò tíì ṣí. Ojú ewé kan péré ló kà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí kan. Nígbà tó parí, ó bi mí bóyá mo ti gbọ́ ìtàn náà rí. Mo ní rárá. Ó ní, "So na me first read am give you."

Mo sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn náà pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ló kọ́kọ́ kà á fún mi, mo sì jókòó.