Itan Adìẹ Tí Ìyá Àgbà Bù Fún Mi

Òórùn atalẹ̀ tí wọ́n ń dín ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n sì tó la ojú ni inú ti ń bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Ìlú kékeré kan ní gúúsù Taiwan ni mo wà, nínú ilé onílé, mo sì mọ ẹni tó wà nídìí ààrò láìjẹ́ pé mo débẹ̀. Ìyá àgbà ni. Òun ló bí bàbá tí wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀, òun náà ló ni ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti jọ ń gbé, a kò tíì sọ ọ̀rọ̀ rere kan síra wa.

Ètò pàṣípààrọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé mi débẹ̀. Wọn a mú ọmọ láti orílẹ̀-èdè kan, wọn a fi sínú ìdílé kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọdún kan, kó máa lọ sí ilé ìwé níbẹ̀. Ìgbà náà ni yunifásítì wa ń ṣí lónìí tí wọ́n ń tì í lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìdánwò àṣewọlé tí n kò rí àyè. Àwọn tó mú wa lọ wá ṣèlérí pé ẹni tó bá lo ọdún rẹ̀ pé láìsí ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀ yóò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, n kò sì fẹ́ nǹkan mìíràn láyé. Ṣùgbọ́n ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí sí dá mi padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí pé n kò jẹ oúnjẹ wọn. Gàrí tí mo gbé láti Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ń rẹ nínú yàrá, títí èèrà fi gba gbogbo ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń mójú tó wa mú mi wá sí ilé kejì yìí, ó sì kìlọ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí ilé kẹta o," ó ní. "Tí àwọn wọ̀nyí bá sọ pé àwọn kò fẹ́ ọ mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ wà nínú dúróà mi."

Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ oúnjẹ. Nílé, èmi ni wọ́n máa ń lé kúrò nídìí ìkòkò. Ìyá mi ló kìlọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó pè mí wọ yàrá, ó da òróró sí mi lórí títí ó fi ń kán sí ọrùn aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ wọ bàálù, ó sì di àgbọ̀n mi mú.

"Gbọ́ mi dáadáa o," ó ní. "Àwọn èèyàn yẹn, inú pálọ̀ ni òrìṣà wọn wà. Ohun tí wọ́n bá ti gbé síwájú ẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu. Tí wọ́n bá fẹ́ fipá bọ́ ẹ, pariwo Ẹ̀jẹ̀ Jésù, àbí o ò lẹ́nu ni? Ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, jàre."

N kò nílò àlàyé púpọ̀. Obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, ìyàwó télọ̀, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, kò sì sí Iléyá tí kì í bu ẹran fún wa. Ìyá mi á kúnlẹ̀ gbà á, á ṣàdúrà fún un, á ṣàdúrà fún ọkọ rẹ̀ àti fún maṣíìnì ọkọ rẹ̀. Bí a bá ti ti ìlẹ̀kùn, á di ẹran náà sínú ọ̀rá, èmi ni n ó sì lọ dà á sí ààtàn. Mo máa ń gbé orí sókè lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń gba ayé là.

Irú ọmọ tó dé ilé ìyá àgbà nìyẹn. Pẹpẹ wà nínú pálọ̀ wọn lóòótọ́, àwòrán bàbá àgbà tó ti kú wà lókè rẹ̀, ìyá àgbà a sì máa gbé èso síbẹ̀ kí àwọn ará ilé tó jẹ ẹ́. Kí n tó bó ọsàn kan, n ó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ó ti dé iwájú pẹpẹ. Lójoojúmọ́ ni mo ń béèrè, lójoojúmọ́ ni ojú ìyá àgbà ń le sí i. Òun náà kò sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bí mo bá mu omi tán, á tún ife náà fọ̀ níṣojú mi, ẹ̀ẹ̀mejì. Á fi ẹsẹ̀ ti bàtà mi kúrò láàárín bàtà àwọn ará ilé. Bí mo bá fi ìpara sí irun, á ṣí gbogbo fèrèsé. Èmi náà á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, n ó rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, n ó sì fi Yorùbá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá àjẹ́." Kò gbọ́, inú mi á sì dùn títí mo fi máa dé ilé ìwé.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, nìkan ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé náà. Mo bi í nígbà kan ohun tí ìyá àgbà máa ń sọ nípa mi tó fi ń mi orí. Ó ní, "Ó ń béèrè ohun tí o ṣe fún àwọn òbí rẹ tí wọ́n fi lé ọ jìnnà tó báyìí." Èébú ni mo kà á sí. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ìyá mi, mo sì fi bírò fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, mo yọjú sí ilé ìdáná, ìyá àgbà sì na ṣíbí igi sí mi pé kí n má sún mọ́ ààrò. Ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé àyájọ́ ọjọ́ tí bàbá àgbà kú ni, pé kí n tètè dé, gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

"Ìwọ náà," ó ní. "Ìyá àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó ní ọgbọ́n lórí ì bá ti gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi rò pé pàkúté ni.

Ní ilé ìwé wọn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo kíláàsì ló máa ń gbé orí lé tábìlì sùn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, olùkọ́ á sì máa rìn kiri láti wo ẹni tí ojú rẹ̀ là. Ní ọjọ́ náà, mo fi àsìkò oorun yẹn to ogun mi. Bí wọ́n bá fún mi ní tùràrí, n kò ní gbà. Bí wọ́n bá ní kí n tẹrí ba, n ó dúró gbọnin. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ, ìrẹsì funfun inú ìkòkò nìkan ni n ó jẹ. Olùkọ́ fi rúlà kàn mí lórí pé kí n dijú. Mo dijú, mo ń bá ogun mi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Wọ́n ti to oúnjẹ síwájú àwòrán náà: odidi adìẹ tí wọ́n sè pẹ̀lú atalẹ̀, ẹja, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ìrẹsì, àti ife ọtí kéékèèké mẹ́ta. Bàbá tí wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀ na ọ̀pá tùràrí kan sí mi, mo sì kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní kò burú. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà nídìí àwọn bàtà, mo ń gbàdúrà tí ètè mi ń mì. Wọ́n tẹrí ba níkọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà ló pẹ́ jù. Kò ké, kò gbọ̀n, ẹ̀mí kankan kò gbé e. Ó kàn ń bá àwòrán yẹn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń ròyìn ọjà fún ọkọ rẹ̀. Ó já mi kulẹ̀ díẹ̀, nítorí mo ti múra sílẹ̀ de ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí tùràrí jó tán, wọ́n kó oúnjẹ náà wá sórí tábìlì. Mo bu ìrẹsì mi, mo sì fa abọ́ náà mọ́ àyà. Ìyá àgbà fi igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun já itan adìẹ náà. Ó nawọ́ kọjá ọmọ rẹ̀, ó kọjá ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé itan náà lé orí ìrẹsì mi. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ọmọ ọmọ náà tẹ̀ sí etí mi.

"Itan yẹn, ti bàbá àgbà ni," ó ní. "Látìgbà tó ti kú, ìyá àgbà kò fún ẹnikẹ́ni rí. Jọ̀ọ́, jẹ ẹ́."

Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé ti òkú ni, pé ìpín òkú ni wọ́n gbé lé mi lábọ́. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú mi tún dùn, ibẹ̀ gan-an ló burú sí. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí n ó fi dun obìnrin yẹn, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbé e fún mi. Mo dìde, mo kígbe "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Mo gbé abọ́ náà, mo da àti ìrẹsì àti itan sínú ike ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ firíìjì, mo sì gbá abọ́ mọ́ etí ike kí ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ ọn lè bọ́ dànù.

Ìyá àgbà dìde. Orúnkún ń dà á láàmú, nítorí náà ó fọwọ́ ti tábìlì, ó fọwọ́ ti ògiri, ó dé ìdí ike. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ dì í mú, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú ìdọ̀tí, ó mú itan náà jáde, ó fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó sì padà wá jókòó sí iwájú mi. Ó jẹ ẹ́. Eyín àtọwọ́dá ló ní, ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ ẹ́ tán, kò sì sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú mi ló ń wò. Nígbà tó ku egungun, ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi, ó sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo ní dandan ni kó túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun jẹ ẹ́, òun kò sì kú."

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin tó ń mójú tó wa dé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gbé àpótí mi sínú ọkọ̀ láìwo ojú mi. Ìyá àgbà kò jáde. Bí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe lọ nìyẹn, nọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin, gbogbo rẹ̀. Nínú bàálù, mo ń sọ fún ara mi pé mo ṣẹ́gun. Mo sọ ọ́ títí a fi balẹ̀ sí Ìkẹjà.

Ìyá mi kò jẹ́ kí n sinmi kó tó mú mi lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo gba maíìkì. Mo ní bí mo ṣe da ẹran òrìṣà náà nù báyìí ni ìyá àjẹ́ náà ṣubú lulẹ̀. Halelúyà gba ilé kan, ìyá mi sì ń sunkún ayọ̀. N kò sọ pé ó jẹ ẹ́. Pásítọ̀ mú mi lọ sí ẹ̀ka wọn ní Ìkọ̀tún, ó mú mi dé Abúlé Ẹ̀gbá, ibi gbogbo tí mo bá sì dé ni obìnrin náà ń ṣubú. Nígbà tí a ó fi dé Abúlé Ẹ̀gbá, ó ti ń yọ ìfófòó lẹ́nu. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sílé kí n tó rí ilé ìwé nọ́ọ̀sì wọ̀.

Mo ti wá pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà báyìí. Àwọn ìyá arúgbó ni mo máa ń tọ́jú jù, mo sì mọ ohun tó ń ná obìnrin tí orúnkún ń dà láàmú láti bẹ̀rẹ̀ débi ike ìdọ̀tí. Ojú ń tì mí. N kò bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀ rí, n kò sì mọ ẹni tí n ó kọ̀wé sí.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi nílé ní Ẹ̀gàn. Ọmọ náà ń lọ kàwé ní apá ọ̀hún, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ kó gbọ́ ẹ̀rí mi kó tó lọ. Mo sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo sọ ọ́ bó ṣe rí, títí dé ibi egungun. Ojú obìnrin náà yí padà.

"Àǹtí, ẹ má bínú o," ó ní, "bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa kọ́ nìyí. Ẹ̀rí la wá gbọ́ ṣá." Ó ti ń wá báàgì rẹ̀.

Ọmọ náà kò tíì dìde. Ó bi mí bóyá adìẹ yẹn dùn. Mo ní n kò mọ̀. Mo ní n kò tọ́ ọ wò.