Káàdì Tí Mo Tì Bọ Abẹ́ Aṣọ

Ìpéǹpéjú mi òsì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ibafo, Mowe ni èmi àti ọkọ mi sì ń gbé. Láàárọ̀, ara mi máa ń le. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ojú á ti wálẹ̀, ahọ́n á wúwo, oúnjẹ á sì máa pẹ́ lẹ́nu mi. Òbí kan lọ sọ fún ọ̀gá wa pé olùkọ́ ọmọ òun ń mutí. Ọ̀gá wa, ìyá àgbà tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní kí n mí sí òun nímú. Mo mí sí i nímú. Ó ní kí n má bínú. Mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbínú.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi wá ohun tó ń ṣe mí. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní àròjù ni. Ìyá mi tó wà ní Ifo sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ìgbà tó yá ni dókítà kan ní ilé ìwòsàn ìjọba wá sọ orúkọ rẹ̀ fún mi: myasthenia gravis. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ara mi, tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà, ló kọjú ìjà sí iṣan mi. Ó ní kì í ràn, kì í sábà ṣe èèyàn, oògùn wà fún un, àmọ́ kì í lọ pátápátá. Ó wá kìlọ̀ fún mi nípa àwọn abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n máa ń gún fún tẹrú-tọmọ, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gún un fún irú mi, mímí lè di ogun. Ó ní kí n máa gbé káàdì kiri, nítorí ọjọ́ tí mi ò bá lè sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi ló lọ ṣe káàdì náà níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé létí títì márosẹ̀. Òyìnbó wà níwájú, Yorùbá wà lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, ó sì so okùn mọ́ ọn. Mo gbé e kọ́rùn. Àwọn kan á ní ṣé mo ti ríṣẹ́ sí báńkì ni. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ bi mí pé tírà wo nìyẹn. Mo máa ń ṣàlàyé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àlàyé sú mi, mo bá ti káàdì bọ abẹ́ aṣọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà òjò ni ó ṣẹlẹ̀. Mo ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ tí kò jáde mọ́. Mo fẹ́ jókòó, orúnkún mi ò gbà. Ọ̀gá wa gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Kò rántí káàdì. Ta ni yóò rántí ohun tí èmi fúnra mi fi pamọ́?

Nọ́ọ̀sì kan, ọ̀dọ́bìnrin, gbọ́ ikọ́ mi, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó ní ikọ́ yẹn ti wọ àyà. Ó fa omi sí mi lára, lẹ́yìn náà ó mú ìgò abẹ́rẹ́ kan. Mo rí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí dókítà ní kí n sá fún ni. Mo fẹ́ pariwo, itọ́ ló jáde. Ọ̀gá wa ń bá mi nu ẹnu, ó ń ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Mo gbé ọwọ́, ó já bọ́. Mo tún gbé e. Níkẹyìn mo fi ìka kan kọ́ okùn náà, mo fà á jáde.

Nọ́ọ̀sì náà wò ó fìrí. "Àǹtí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. A ti mọ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Agbára tó kù sí mi lọ́wọ́ ò lè di òròmọdìyẹ mú, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó yí káàdì náà padà, ó sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè: "Mi ò mutí, orí mi ò sì dàrú. Iṣan mi ló ń rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún mi lábẹ́rẹ́ kankan kí ẹ tó pe dókítà mi."

Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sórí tábìlì. Ó pe dókítà mi sórí nọ́ńbà tó wà lára káàdì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé mi dé ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí ẹ̀rọ ti bá mi mí fún ọjọ́ mẹ́fà.

Lẹ́yìn tí mo padà sílé ni nọ́ọ̀sì náà wá mi wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní oorun òun ò já geere mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó bẹ̀ mí kí n wá bá àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn tó ń ta oògùn sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ lọ, ọkọ mi náà ò fẹ́. Síbẹ̀ mo lọ, lọ́jọ́ Sátidé kan, sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mowe. Èèyàn mọ́kànlá ló wá. Mo sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ohùn mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, mo na ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ mi sí fún nọ́ọ̀sì náà, ó ń bá mi kà á lọ. Ọkùnrin kan bèèrè bóyá mo ti lo àgbo. Ẹnì kan ti sùn.

Nígbà tí a parí, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ajuwon dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ó ní ojú ẹ̀gbọ́n òun obìnrin náà máa ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kú, ìmẹ́lẹ́ ni gbogbo ilé kà á sí. Òun gan-an ló sì fọwọ́ ara òun gún un ní abẹ́rẹ́ tó gbà kẹ́yìn.

"Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló pa á?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Òótọ́ ni, mi ò mọ̀. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè wá ọ̀rọ̀ tó dùn ju ìyẹn lọ fún un. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà níbẹ̀, òun náà jókòó tì mí. Nígbà tí ọkọ mi dé, tó ní ká máa lọ, mo ṣẹ́wọ́ sí i pé kó ṣì dúró díẹ̀.