Ọ̀rọ̀ Tó Ní Kí Olùyẹ̀wò Gbójú Kúrò

Oníyèméjì ni wọ́n ń pe ọmọ ọmọ mi yìí níbi iṣẹ́ rẹ̀. Á ti ilẹ̀kùn tán, á tún padà lọ fọwọ́ tì í wò. Ọkọ rẹ̀ ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ó bi akọ̀wé bóyá àwọn ti di tọkọtaya lóòótọ́, ó sì tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. N kì í parọ́ o. Mo kàn máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀ ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ ètò sínú ẹ̀rọ tó ń kán oògùn sínú iṣan aláìsàn. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí: inú ẹ̀rọ dà bí ilé oníyàrá púpọ̀. Ìwọ̀n oògùn kan á gba yàrá, tó bá parí iṣẹ́ á kó jáde, nǹkan mìíràn á kó wọlé. Nínú èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ètò náà, òǹkọ̀wé ló gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ rántí ohun tó ti kó jáde. Tó bá gbàgbé, ẹ̀rọ á tún fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣí yàrá náà, ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀ ni yóò kà sí ìwọ̀n oògùn. Olè tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba orí ayélujára lọ jókòó sí yàrá yẹn dè é. Èdè tuntun tí Oníyèméjì fi ń tún ètò náà kọ ní olùyẹ̀wò tirẹ̀, kì í ṣe ènìyàn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ. Bí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò ní jẹ́ kí ètò náà dé inú ẹ̀rọ rárá. O lè bẹ̀ ẹ́, o lè sunkún, kò kàn án. Ìyá ìyàwó mi nìkan ni mo mọ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi wà ní ọsibítù nígbà tó ń tún un kọ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ń kán oògùn ọkàn fún un, ó ń sùn, mo sì jókòó tì í. Lójijì, ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kú, ó tún tan fúnra rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e kú. Nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin gíga kan tí kì í sáré, sáré. Wọ́n ní olè kan lórí ayélujára ló ń kan àwọn ẹ̀rọ náà láti ìta bí ìgbà tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Wọ́n fa wáyà tó so gbogbo wọn mọ́ ayélujára yọ. Ìwọ̀n oògùn tó máa ń ti ọ̀dọ̀ dókítà wá fúnra rẹ̀ wá di ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ tẹ̀, láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tẹ nọ́ńbà kan, ó pa á rẹ́, ó tún tẹ òmíràn.

“Bàbá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ ń já mi láyà.”

Mo ní ẹ̀rọ ni mò ń wò, n ò wò ó. Irọ́ nìyẹn.

Ní ọ́fíìsì, gẹ́gẹ́ bí Oníyèméjì ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, ọsibítù ti pè wọ́n, gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yí àga rẹ̀ ká. Ètò tuntun ti parí, olùyẹ̀wò ti gbà á wọlé. Ọ̀gá wọn ní kó fi ránṣẹ́ sí ọsibítù kíákíá. Oníyèméjì na ìka, ó sì fà á padà.

Èdè náà ní ọ̀rọ̀ kan tí òǹkọ̀wé lè kọ, tó ń sọ fún olùyẹ̀wò pé: gbójú kúrò níbí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìgbà tí iná bá ń jó wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́, wọ́n á ní àwọn á padà wá tún un ṣe. Ó wá ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri ètò náà. Ó rí i, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ láti ìta gan-an.

Ọ̀gá bèèrè ẹni tó kọ ọ́.

“Èmi ni, sà.”

“Ìwọ Oníyèméjì?”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ọ̀gá ní kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún un ṣe lọ́la, nítorí ó ti ń rẹ àwọn nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ti rẹ̀ lè ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ohun tó mú un le nìyẹn.

“Ọ̀gá, ibi tí olè yẹn ń kàn gan-an nìyí. Bí wọ́n bá ki wáyà padà sórí èyí, àwa la ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyá mi àgbà wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Mi ò ní fi ránṣẹ́.”

Ọ̀gá ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kó tó ṣetán, ọrùn rẹ̀ ni o. Oníyèméjì ní òun gbọ́.

Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Olùyẹ̀wò kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e gba ọ̀nà mìíràn, olùyẹ̀wò ní rárá. Ọwọ́ méjì ló di yàrá kan mú: ọ̀kan ṣì ń ka ohun tó wà níbẹ̀, èkejì ti ń kó o jáde. Ó ní ó ṣe òun bíi kí òun fi kíbọ́ọ̀dù fọ́ nǹkan. Nígbà tó yá, ó ṣe é kó jẹ́ pé ẹni tó ń kà ló ni yàrá títí yóò fi kà tán, kò sẹ́ni tó lè kó o jáde mọ́ ọn lójú. Olùyẹ̀wò gbà á wọlé.

Nígbà tí ètò dé ọsibítù, tí wọ́n ti kó o sínú àwọn ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Oníyèméjì wà lórí fóònù pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àgbà, ó ní kí wọ́n má tíì ki wáyà sí ẹ̀rọ aláìsàn kankan. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi, tó ń kán omi lásán sínú ife, wọ́n ki wáyà sí i. Gbogbo wa dúró yí i ká. Mo ń gbọ́ èémí ọmọ ọmọ mi lórí fóònù. Olè náà kàn án. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé òun ti da iṣẹ́ kan tó ti ìta wá nù, ó sì ń bá omi rẹ̀ lọ, tó, tó, tó. Ó tún kàn án. Ẹ̀rọ tún dà á nù.

Nọ́ọ̀sì àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ki wáyà ti ìyàwó mi.

Ìyẹn ló jí i. Ó wo gbogbo wa tí a pé bo ife omi kan, ó bi mí pé ṣé a ò níṣẹ́ ṣe ni.