Pápá Tí Bàbá Mi Ń Balẹ̀ Sí

Bí mo bá gbóòórùn ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ẹ̀yìnkùlé wa ní ìlú Benin ni mo máa ń rántí. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ òfurufú kékeré, ó ń gbé oògùn lọ sí àwọn abúlé orí òkè lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi erùpẹ̀ tútù mọ òkè kan fún mi, ó sì fi ìka fa ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára.

"Ibi tí mo ń balẹ̀ sí nìyí. Wọn ò da ọ̀dà sí i. Tí mo bá ti sún mọ́ ọn, mi ò lè yí padà mọ́."

"Daddy, if rain fall nkọ́?"

Ìyá mi, tó ń sá aṣọ nítòsí, ní, "Ẹ dá ọmọ lóhùn."

Bàbá mi kàn ń fọwọ́ tẹ erùpẹ̀ náà ni.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ òfurufú ti kú sórí òkè yẹn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi ká ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ bàbá mi kúrò lórí okùn, ó tún rì í sínú omi. Mo rò pé kò mọ́ tó ni, àṣé kò fẹ́ kí bàbá mi rí i wọ̀ lọ ni. Ní ìdájí, bàbá mi wọ̀ ọ́ lọ ní tútù, a ò sì rí i mọ́.